Àtúnwá: Ẹ Jẹ́ Kí A Di Orúkọ Mú, Kí A Ju Abẹ Nù

Àwọn àgbà ló ní iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Bí bàbá àgbà bá kú lónìí, tí aya ọmọ rẹ̀ sì bí ọkùnrin lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá orúkọ kiri. Babátúndé ni. Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà ló lọ, tí a sì bí obìnrin, Yétúndé, Ìyábọ̀ tàbí Yéwándé ni. Mùsùlùmí ń jẹ́ orúkọ wọ̀nyí, Kìrìsìtẹ́nì ń jẹ́ wọn, ọmọ onífá náà ń jẹ́ wọn. Bóyá ni a fi lè ka orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí tán láìbá wọn pàdé.

Ṣùgbọ́n orúkọ yìí kan náà ti di ohun tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń tìtorí rẹ̀ jiyàn. Àwọn kan ní orúkọ abọ̀rìṣà ni Babátúndé, pé kí ẹni tó bá ti di àtúnbí tètè pa á dà. Àwọn kan ní rárá o, pé àwọn òyìnbó pàápàá ti wádìí ọ̀rọ̀ àtúnwá, nítorí náà kò sí ohun kan tí àwọn baba ńlá wa ṣe lórí rẹ̀ tó kù díẹ̀ káàtó. Ní tèmi o, n kò rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó lọ sí ọ̀run kò tíì kọ lẹ́tà sí wa. Ìbéèrè tí mo rò pé ó yẹ kí a bi ara wa ni èyí: kí ni ìgbàgbọ́ nínú àtúnwá ń mú wa ṣe fún ọmọ tó wà lọ́wọ́ wa? Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò jẹ́ kí a mọ ohun tí ó yẹ kí a dì mú nínú àṣà náà, àti ohun tí ó yẹ kí a dà sí ààtàn.

OHUN MẸ́TA TÍ A Ń DÀ PỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pa ààlà. Ohun mẹ́ta ni Yorùbá ń sọ tí àwa ọmọ ìsinsìnyí máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Àkọ́kọ́ ni kí òbí tó ti kú padà wá sí ilé rẹ̀ nípasẹ̀ ọmọ tuntun. Èkejì ni àbíkú, ọmọ tí a gbà pé ó ní ẹgbẹ́ lọ́run, tó ń wọ inú obìnrin kan náà wá sáyé, tó ń kú, tó sì tún ń padà wá. Ẹ̀kẹta ni àkúdàáyà, ẹni tó kú ní ìlú kan, tí a ní ó lọ ń gbé ìlú mìíràn bí alààyè, tó tilẹ̀ lè gbéyàwó kó sì bímọ níbẹ̀, títí ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò rí i tí yóò sì pòórá. Ọ̀rọ̀ àkúdàáyà kò kàn wá lónìí. Méjì àkọ́kọ́ ni mo ń bá lọ, wọn kò sì jọra rárá. Ọ̀kan ń mú ẹ̀rín wá sínú ilé, èkejì ń mú ẹkún wá.

Èyí àkọ́kọ́ jinlẹ̀ ju bí a ti ń fẹnu lásán sọ ọ́ lọ. Nígbà tí a bá ń sin òkú àgbà, a máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ ọ̀kùn, kó má jẹ ekòló, pé ohun tí àwọn ará ọ̀run bá ń jẹ ni kó bá wọn jẹ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà a bímọ, a sọ ọ́ ní Babátúndé. Síbẹ̀, bí ọdún egúngún bá dé, bàbá kan náà ni a óò tún máa retí láti ọ̀run kó wá súre fún wa, Babátúndé kékeré yóò sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, yóò máa wòran. Ọmọ mẹ́ta nínú agbo ilé kan tilẹ̀ lè máa jẹ́ Babátúndé nítorí bàbá kan ṣoṣo. Ibo wá ni bàbá wà?

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú kò fojú fo ìbéèrè yìí. Nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, tó jáde ní 1962, ó ṣàlàyé pé irú àtúnwá tí àwọn ẹ̀sìn mìíràn ń sọ, tí ẹ̀mí ń kúrò nínú ara kan tí ó sì ń bọ́ sínú òmíràn pátápátá, kọ́ ni ti Yorùbá. Ní ti wa, òkú ṣì wà ní ọ̀run láìyẹsẹ̀, bí a tilẹ̀ ń sọ pé ó ti padà wá lára àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìdílé àti ọ̀rọ̀ ìkẹ́ ló pọ̀ jù nínú Babátúndé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pè ní "bàbá ọkọ mi", ta ni yóò lù ú ní àlùbolẹ̀? Ọmọ tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí fún ẹ̀fẹ̀, ṣé ebi yóò pa á kí ilé dákẹ́? Ẹni tí kò rí ààyè tọ́jú bàbá rẹ̀ dójú àmì kí ó tó lọ, ó rí ibi tí yóò gbé san gbèsè náà. Bí a bá fi ìbéèrè tí mo bi lókè wọn ìgbàgbọ́ yìí, ó yege.

BÍ Ó TI RÍ LỌ́DỌ̀ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN

A kò dá nìkan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó jẹ́ Ìgbò ní ilé ẹ̀kọ́ yìí, wọn yóò sọ fún yín pé àwọn náà ní i, ilo uwa ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń lọ bèèrè lọ́wọ́ adífá wọn ẹni tó padà wá nínú ẹbí. Àwọn Ẹ̀dó gbà pé ìgbà mẹ́rìnlá ni ènìyàn lè wá sáyé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Íńdíà ni òkìkí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn jù lọ, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa kò sì kéré.

Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù gbà pé ẹ̀mí kan náà ń kú, ó sì ń tún ayé wá láìmọye ìgbà, àti pé ìwà tí a bá hù ní ayé yìí ni yóò sọ irú inú tí a ó gbà wọ ayé tó kàn. Ó ti wà nínú Chandogya Upanishad, ọ̀kan nínú àwọn ìwé mímọ́ wọn láti ìgbà láéláé, pé ẹni tí ìwà rẹ̀ bá sunwọ̀n yóò tọ inú onípò gíga wá, ẹni tí ìwà rẹ̀ bá sì ń rùn yóò tọ inú ajá, tàbí ẹlẹ́dẹ̀, tàbí inú ẹni tí àwùjọ ta nù wá. Ẹ̀kọ́ yìí ní ibi tó dára sí. Ó ń kìlọ̀ fún ìkà pé ẹ̀san ń bọ̀ bí ó pẹ́ bí ó yá. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain tó wà ní ilẹ̀ náà tilẹ̀ mú un débi pé àwọn oníwà mímọ́ wọn ń gbá iwájú wọn bí wọ́n ti ń rìn kí wọ́n má baà tẹ kòkòrò pa.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìhà kejì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ayé àtijọ́ ló mú kí a bí ọmọ kan sínú ìdílé ẹni ẹ̀tanù, kí ni ènìyàn tún fẹ́ káàánú rẹ̀ fún? Èrò yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ti ìran lẹ́yìn ìran mọ́ ìdí kíkó ìgbọ̀nsẹ̀ àti òkú ẹran, tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n fa omi nínú kànga tí àwọn yòókù ń fà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Bhimrao Ambedkar, tí a bí ní 1891. Ó kàwé, ó di amòfin, òun ni wọ́n sì fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ òfin ilẹ̀ Íńdíà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950 tó sì fòfin de àṣà pípe ènìyàn ní ẹni àìfọwọ́kàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 1956, ní ìlú Nagpur, òun àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn fi ẹ̀sìn Híńdù sílẹ̀, wọ́n gba ti Buddha.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀sìn Buddha náà gbà pé àtúnwáyé wà. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé kò gbà pé ẹ̀mí kan wà tí kì í yí padà, tó ń ṣí láti ara dé ara. Àwọn olùkọ́ wọn máa ń fi fìtílà ṣe àpèjúwe: bí a bá ti ara fìtílà kan tan òmíràn, iná kejì ti ara èkíní wá, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé iná àkọ́kọ́ ló rìn lọ síbẹ̀. Ambedkar kò wá sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ àtúnwáyé di irọ́. Ohun tí ó kọ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni máa tọ́ka sí ọmọ tálákà pé ẹ̀ṣẹ̀ ayé tó ti kọjá ni ó ń jẹ. Ó ya ìgbàgbọ́ kúrò lára ìyà.

Ní ilẹ̀ Gíríìkì, wọ́n ròyìn nípa Pythagoras, tí àwa tí a ń ṣe ìṣirò mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, pé ó rí ẹni tó ń na ajá, ó ní kó dáwọ́ dúró, nítorí òun gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ òun tó ti kú nínú igbe ajá náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fi ń bú u ni. Síbẹ̀, ohun tí ìgbàgbọ́ náà mú un ṣe ni pé ó gba ẹni tó ń jìyà sílẹ̀. Ti Plato tilẹ̀ sún mọ́ tiwa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìparí ìwé rẹ̀ tí a ń pè ní Republic, ó sọ ìtàn jagunjagun kan tó kú tó sì jí, tó wá ròyìn bí àwọn ẹ̀mí ti ń yan irú ayé tí wọn yóò gbé, tí wọ́n sì ń mu omi ìgbàgbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ ìró àkúnlẹ̀yàn nínú èyí? Àwa náà gbà pé a yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá, a dé ẹnubodè, a sì gbàgbé ohun tí a yàn.

Tibet ni kí a fi kádìí ìrìn àjò wa. Níbẹ̀, bí olórí ẹ̀sìn ńlá bá kú, ọmọ kékeré ni wọ́n ń wá kiri tí wọn yóò ní òun ló padà wá. A bí Dalai Lama kẹrìnlá ní 1935; kò ju bí ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí wọ́n rí i ní abúlé àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì gbé e gorí oyè ní 1940. Ìṣòro dé nígbà tí ìjọba ní òun náà fẹ́ mọ ẹni tí yóò padà wá. Ní oṣù Èbìbí 1995, Dalai Lama kéde ọmọ ọdún mẹ́fà kan, Gedhun Choekyi Nyima, pé òun ni Panchen Lama tó tún ayé wá. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ìjọba Ṣáínà gbé ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀ lọ, wọ́n sì fi ọmọ mìíràn jẹ oyè náà ní ọdún yẹn kan náà. Láti ìgbà náà ni ayé kò ti rí i ní gbangba mọ́. Ní 2007, ìjọba náà ṣe òfin pé kò sí lámà kan tó gbọ́dọ̀ padà wá sáyé láìgba ìwé àṣẹ. Ó lè pa wá lẹ́rìn-ín, pé kí òkú máa gba ìwé àṣẹ kí ó tó wá. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà ń jà lórí ẹni tí ọmọ náà jẹ́ ní àná, wọn kò ro ẹni tí ó jẹ́ lónìí.

KÍ NI BÍBÉLÌ ÀTI KÙRÁÀNÌ SỌ?

Àwọn ará wa onígbàgbọ́ yóò ní ẹ̀sìn àwọn kò fi àyè sílẹ̀ fún àtúnwá. Òótọ́ ni. Ìwé Hébérù orí 9 ẹsẹ 27 sọ ọ́ kedere pé ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn ń kú, ìdájọ́ ló sì kàn. Kùráànì, nínú Súrà 23, sọ nípa ẹni tí ikú dé bá tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a dá òun padà, tí a kò sì dá a padà, nítorí gàgá kan, tí a ń pè ní Barzakh, ti wà láàrin òun àti ayé títí di ọjọ́ àjíǹde. Àwọn Druze ti ilẹ̀ Lẹ́bánónì àti Síríà, tí ẹ̀sìn wọn yọ láti ara ẹ̀ka ẹ̀sìn Ìsìláàmù kan, gbà pé bí ẹnì kan bá kú, a ti bí i níbòmíràn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni Mùsùlùmí tiwa gbà.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí a tún kà nínú àwọn ìwé mímọ́ méjèèjì ni ibi tí wọ́n ti fẹnu kò. Nínú Jòhánù orí 9, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, wọ́n sì bi Jésù pé ta ló ṣẹ̀, ṣé ọkùnrin náà ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Ó ní kì í ṣe òun, kì í ṣe òbí, ó sì wo ọkùnrin náà sàn. Nínú Súrà 6 ẹsẹ 164 ni Kùráànì ti ní ẹnikẹ́ni kò ní ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Ohun tí Ambedkar ń jà fún náà nìyí. Ó sì jọ mí lójú pé ẹni tó yára pa Babátúndé dà sí orúkọ inú Bíbélì, tó sì tún ń pe ọmọ aládùúgbò rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní àbíkú, kò tíì ka orí ìwé yẹn tán.

ÀBÍKÚ SỌ OLÓÒGÙN DÈKÉ

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyí. Nínú ọ̀rọ̀ àbíkú náà, ìfẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ àwọn orúkọ wọ̀nyí: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Banjókòó, Dúrósinmí. Ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo wọn. Kòsọ́kọ́ túmọ̀ sí pé kò sí ọkọ́ tí a ó tún fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọmọ. Ọba tó jẹ ní Èkó láti 1845 sí 1851 ló jẹ́ orúkọ yẹn. Òbí tó sọ ọmọ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ ti rí màbo.

Ṣùgbọ́n kò mọ sí orí orúkọ. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò bá ràn, abẹ ló kàn. Wọ́n ń fi gbẹ́rẹ́ kọ ọmọ lára, wọ́n ń so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí ariwo rẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Bí ó bá kú, wọn a gé e níka tàbí kí wọ́n gé e létí, wọn a fi iná jó o lára, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run lè kọ̀ ọ́, tàbí kí a lè fi àmì dá a mọ̀ bí ó bá tún wá. Àwọn Ìgbò tí wọ́n ń pè é ní ògbánje náà ń walẹ̀ kiri, wọ́n ń wá iyi uwa, ohun tí ọmọ náà rì mọ́lẹ̀ tó so ó mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń da ìbéèrè bo ọmọ kékeré títí yóò fi fi ibì kan hàn wọ́n. Ìyá ńkọ́? Ìyá ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Wọn a ní ó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún, wọn a ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára. Wọ́n ń fẹ́ ìyàwó lé e lórí. Obìnrin tó ti sin ọmọ mẹ́ta, òun ni yóò tún máa tọrọ àforíjì.

Bẹ́ẹ̀ ni òwe tiwa fúnra wa ti jẹ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé àbíkú sọ olóògùn dèké. Kí ló dé tí òògùn kò fi ràn? Nítorí pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wà.

Ní 1910, dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan láti erékùṣù Grenada, tó wò ní abẹ́ ẹ̀rọ tó rí i pé àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé. Àìsàn tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ni. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n, tó sì ń gbé atẹ́gùn kiri ara, ni àìpé wà nínú rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ kò le. Olúkúlùkù wa gba àmì méjì fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Ẹni tó gba A méjì jẹ́ AA. Ẹni tó gba A kan àti S kan jẹ́ AS, ara rẹ̀ le, ó lè má mọ̀ títí láé. Ẹni tó gba S méjì ló jẹ́ SS, òun ni egungun rẹ̀ ń ro ó, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú láti kékeré, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú, tí ara rẹ̀ ń yá lónìí tó sì ń dùbúlẹ̀ lọ́la.

Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS. Mo ní nínú oyún kọ̀ọ̀kan o. Kì í ṣe pé bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Ó lè kan ọmọ mẹ́ta léraléra kí ó fo ẹ̀kẹrin. Bí àwọn mẹ́ta bá jọ ara wọn lójú, tí àìsàn wọn jọra, tí ikú wọn sì jọra, ta ni kò ní sọ pé ọmọ kan náà ló ń wá? Àwọn baba wa kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Kò sí ẹ̀rọ tí wọn ì bá fi wo ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó mú un pọ̀ lọ́dọ̀ wa tún jẹ́ àgbàyanu. Ní 1954, Anthony Allison tẹ ìwádìí jáde pé ẹni tó jẹ́ AS ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà tí ẹ̀fọn ń fà. Ibi tí ẹ̀fọn ti ń pa ọmọ, níbẹ̀ náà ni AS ti ń pọ̀. Ní Nàìjíríà, ó tó bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tó jẹ́ AS. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ ogójì bá jókòó sí kíláàsì kan, ó ṣeé ṣe kí bíi mẹ́wàá wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní, "Ègbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀, AA ni àwọn méjèèjì, síbẹ̀ wọ́n sin ọmọ méjì." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde nìkan kọ́ ló ń pa ọmọdé. Ibà wà, ìgbẹ́ gbuuru wà, àrùn tó ń gba ojú ìdodo tí a fi abẹ tó dípẹtà gé wọlé wà. Nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe kárí ilẹ̀ ní 2018, ọmọ 132 nínú 1,000 tí a bí láàyè ni kì í pé ọdún márùn-ún. Bí a bá pe gbogbo wọn ní àbíkú, a jẹ́ pé ẹgbẹ́ ọ̀run yẹn mọ ibi tí kò sí omi tó mọ́ àti ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni ó sì fẹ́ràn láti máa rán ọmọ lọ.

Ẹlòmíràn yóò ní Dókítà Ian Stevenson ti Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà ti fìdí ọ̀rọ̀ àtúnwá múlẹ̀. Lóòótọ́, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìtàn àwọn ọmọdé tó ní àwọn rántí ayé àtijọ́ jọ, títí kan àwọn ọmọ tí àmì ara wọn dà bí ojú ọgbẹ́ òkú. Ìwé rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jáde ní 1966, ó sì tún kọ̀wé nípa àwọn Ìgbò ilẹ̀ wa ní 1985. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkọlé ìwé 1966 náà dáadáa: ohun tó pe àwọn ìtàn ogún inú rẹ̀ ni èyí tó jọ pé ó ń tọ́ka sí àtúnwá, kò pè wọ́n ní ẹ̀rí àrídájú. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ pátápátá, èwo ni kí a tún fi iná jó ọmọ? Bí ó bá ṣe bàbá wa ló wá, ṣé bàbá ni a ń fi abẹ kọ lára? Bí kì í bá sì í ṣe bàbá, kí ni ọmọ aláìṣẹ̀ fi ṣe wá?

KÍ NI KÍ A WÁ ṢE?

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a di orúkọ mú. Mùsùlùmí tó ń jẹ́ Babátúndé kò dẹ́ṣẹ̀. Ó ń jẹ́rìí pé ilé tí òun ti wá kò gbàgbé àwọn tó ti lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ní Babátúndé nínú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ́ Málọmọ́, kí ó máa fi yangàn, nítorí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ẹnì kan fẹ́ kí ó dúró gidigidi.

Ṣùgbọ́n kí a ju abẹ nù. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ilẹ̀ wa ti fòfin de fífi àmì sí ọmọ lára. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá di òbí lọ́la má ṣe gbà fún àgbà kankan, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀ tó. A lè dọ̀bálẹ̀, a lè kúnlẹ̀, kí a sì fi ìtẹríba sọ pé, "Bàbá, ilé ìwòsàn ni a ń gbé e lọ."

Kí a mọ ẹ̀jẹ̀ wa kí ìfẹ́ tó wọra. Ọjọ́ tí a ti ra aṣọ ẹbí tán kọ́ ló yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mo rọ àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa pé, ní ọjọ́ àṣà tó ń bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayò àti ìjàkadì àti iyán gígún, kí wọ́n bá ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ẹni tó bá fẹ́. Kí èsì jẹ́ àṣírí ẹni tó ni ín. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Ìgbò àti Ẹ̀dó lè bá wa dá a ṣe, nítorí ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Paríparí rẹ̀, kí a ṣọ́ ẹnu wa ní ilé àkọ́gbé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó jẹ́ SS wà láàrin wa. Ẹ kò ní máa mọ̀ wọ́n, àyàfi bí òtútù bá mú tàbí bí ìdánwò bá sún mọ́lé tí wahala pọ̀, tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n wà lórí ibùsùn. Kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní àbíkú. Wọ́n nílò omi mímu, wọ́n nílò àpò ìbora, wọ́n nílò ẹni tí yóò bá wọn kọ nọ́ọ̀tì sílẹ̀, tí yóò sì tètè bá wọn wá ọkọ̀ lọ ilé ìwòsàn. Ìtọ́jú ti wà báyìí tí kò sí láyé àwọn baba wa. Ẹni tó bá rí i gbà ń kàwé, ń ṣiṣẹ́, ń bímọ, ń di àgbà.

Ayé lọjà, ọ̀run nilé. Bóyá ẹni tó ti nájà lọ tún lè padà wá ná an, ẹ̀sìn olúkúlùkù ni yóò sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti dé ọjà, tó dúró níwájú wa, àwa ni yóò tọ́jú rẹ̀. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa sin ọmọ. Àṣẹ.